Ẹ Má Bá Wọn Mú Un: Ìrìn Ayé Màmá Títílọpẹ́ Àyọ̀kẹ́ Àtàndá (1957–2025)

Ní agbolé Fáṣínà, ní Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀, ni a ti bí Màmá wa, Títílọpẹ́ Àyọ̀kẹ́, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1957. Bàbá wọn ni Olóògbé Jòsáyà Fáṣínà, àgbẹ̀ olóko kòkó. Ìyá wọn ni Olóògbé Fàòsíyà, tó ń ta obì. Àwọn àgbà agbolé sọ pé Màmá tètè rìn, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rìn, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ní ìjókòó á pẹ́ kó tó bá wọn. Ìyá wọn a máa ní, "Àyọ̀kẹ́, ṣé iná wà lórí àga ni?"

Ìlú yìí náà ni Màmá ti kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. Ní ọdún 1981 ni wọ́n gboyè nínú iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní físíò: kíkọ́ ẹsẹ̀ tó ti gbàgbé ìrìn láti tún rìn, kíkọ́ ọwọ́ tó ti kú láti tún di nǹkan mú. Bàbá wọn bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo ni kíkọ́ àgbàlagbà ní ìrìn. Màmá dáhùn pé, "Iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó ni, Bàbá." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí Màmá ti ń ṣiṣẹ́ wá gbẹ́nàgbẹ́nà tí yóò ṣe igi gbọọrọ méjì tí aláìsàn á máa dì mú kọ́ ìrìn. Ọláwọlé Àtàndá, ọmọ Ẹdúnàbọ̀n, ẹni tó wá di Bàbá wa, ló gba iṣẹ́ náà. Màmá dá igi padà pé kò dán tó, pé yóò gún aláìsàn lọ́wọ́. Wọ́n tún dá a padà. Bàbá wá ní, "Arábìnrin, ṣé igi lẹ ń dá padà ni, àbí ẹ kàn fẹ́ máa rí mi?" Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1985, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Láti ọdún 1994, Màmá wà lára àwọn olùwádìí tó ń tọpa àwọn tí jàǹbá ṣe lórí, tí ọpọlọ wọn fara gbá a, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn nílé? Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Màmá a gun ọ̀kadà, a fẹsẹ̀ rìn, láti ojúlé dé ojúlé. Ohun tí wọ́n ń bá níbẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Ilé tí ìfẹ́ pọ̀ sí, tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ sí aláìsàn lẹ́nu, tí wọ́n ti ń wọṣọ fún un, ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ti ń kú jù. Bó bá wá jẹ́ àgbà ni aláìsàn náà, ó tún le sí i. Ta ni yóò máa wo bàbá rẹ̀ kó máa tọ ṣíbí kiri nílẹ̀? Màmá a ní, "Ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹ sì ń fi ọ̀wọ̀ náà so wọ́n mọ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri ilé onílé nìyí, kó tó di pé ó wọ ilé tiwọn.

Ní oṣù kejì ọdún 2011, ọkọ̀ kan gbá ọ̀kadà tí Bàbá gùn ní títì Ìbàdàn, lẹ́bàá Ẹdúnàbọ̀n. Orí ni Bàbá fi balẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jí. Nígbà tí wọ́n jí, wọn kò mọ orúkọ àwọn ọmọ wọn mọ́, ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń fa ayùn sì rọ jọwọlọ. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Àlàájà Màmá Hakeem, kó wá láti Ẹdúnàbọ̀n, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn bọ́ àbúrò wọn bí ọmọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Hakeem ti ìta wọlé, wọ́n sì rí ohun tí ojú wọn kò gbà. Màmá ti fi gèlè so ọwọ́ òsì Bàbá, èyí tó dá ṣáṣá, mọ́ wọn láyà. Ẹ̀bà wà níwájú Bàbá, ó wà nírùngbọ̀n, ó wà nílẹ̀. Màmá dúró tì wọ́n, wọ́n ń wò wọ́n.

"Ìyàwó, ṣé àgbò Iléyá lo so mọ́lẹ̀ yìí?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi. Òsì nìkan ni mo so. Bí wọ́n bá ń rí òsì lò, ọ̀tún ò ní jí."

"Èmi ń bọ́ ọ, ìwọ ń dè é. Nínú àwa méjèèjì, ta ló fẹ́ràn rẹ̀?"

Ẹbí pe ìpàdé ní Ẹdúnàbọ̀n pé àwọn yóò gba ọmọ àwọn padà. Àwọn kan ní ìwé àkàjù ló sọ obìnrin náà di ọ̀dájú. Màmá mọ̀ pé bí Bàbá bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń kẹ́ wọn yìí, ọwọ́ ọ̀tún náà parí. Màmá lọ bá wọn ní ìpàdé náà; ẹbí gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹbí fún àwọn láyè di Iléyá. Bí ọ̀tún ò bá lè di nǹkan mú nígbà náà, kí wọ́n máa mú ọmọ wọn lọ.

Kò sí ìsinmi nílé láàárín ìgbà náà. Láràárọ̀, Màmá a so òsì, Bàbá a sì máa fi ọ̀tún ṣa ìṣó láti inú abọ́ kan sí òmíràn. Bàbá a da abọ́ nù, a bú wọn, a jáde, a ṣìnà ní òpópó tí wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Màmá a wá wọn rí, a tún kó ìṣó jọ. Lóru, àwọn ọmọ a máa gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá nínú yàrá, ní lílọ ní bíbọ̀. Màmá sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé kò dá àwọn lójú rárá: ìwádìí sọ pé ọwọ́ lè jí, kò sọ pé yóò jí.

Ọjọ́ Iléyá pé. Láti ìgbà jàǹbá, òsì ni Bàbá fi ń na nǹkan sí àgbà, àwọn ènìyàn a sì ní aláìsàn ni, ẹ má kà á sí. Lọ́jọ́ yẹn, lójú gbogbo ẹbí, Bàbá fi ọ̀tún mú ẹran kan láti fún ẹ̀gbọ́n wọn. Ọwọ́ gbọ̀n. Ẹran bọ́ sílẹ̀. Màmá Hakeem ti bẹ̀rẹ̀ láti he e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn mú un," ni Màmá wí láti ẹnu ọ̀nà.

Bàbá mú ẹran náà, ó bọ́, wọ́n tún mú un. Wọ́n nà án. "Àlàájà, ẹ gbà." Màmá Hakeem gbà á, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ tiyanrìn-tiyanrìn. Ẹnìkan ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi omi ṣàn án. Wọ́n ní, "Fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí n jẹ ẹran mi."

Ẹbí kò tún dárúkọ ìgbàpadà mọ́. Màmá Hakeem bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé Màmá lọ sílé àwọn aláìsàn. Bí wọ́n bá bá ìyàwó kan tó ń bọ́ ọkọ rẹ̀, Màmá Hakeem ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gba ṣíbí. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan padà bọ̀ sípò o. Orúkọ ṣì máa ń sọnù mọ́ Bàbá lẹ́nu. Àmọ́ ní ọdún 2016 wọ́n kan àpótí ìjókòó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Màmá gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi í han àlejò, wọn ò jókòó lé e.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá wà lára àwọn tó ń fi ènìyàn sí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì máa ń dúró gbọ́ ìwàásù títí dé àmín. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹbí aláìsàn jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, láti kọ́ wọn bí a ṣe ń dúró ti ènìyàn láìgba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2025, Màmá jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì jókòó lé àpótí náà. Bàbá bá wọn níbẹ̀. "Àyọ̀kẹ́, o jókòó?" Màmá ní, "Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni." Kí oòrùn tó ga, wọ́n ti lọ.

Màmá fi ọkọ wọn, Bàbá Ọláwọlé Àtàndá, sáyé lọ. Pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Ìmísí, Tolúwalàṣẹ àti Fúnṣọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ, Ayọ̀mídé, Fisáyọ̀mi àti Ìkẹ́olúwa. Àti Àlàájà Màmá Hakeem, tí wọ́n ní àbúrò àwọn ló kú, kì í ṣe ìyàwó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni ẹbí ní sí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Nígbà tí a bá pe Bàbá sí ẹ̀bá sàréè láti bu iyẹ̀pẹ̀, ọ̀tún ni wọn yóò fi bù ú. Ọwọ́ náà yóò gbọ̀n. Iyẹ̀pẹ̀ lè dà nù kó tó dé ibi tó ń lọ, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Yóò pẹ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ má bá wọn bù ú.

Àyọ̀kẹ́, ọmọ Fáṣínà, ẹ ti dúró tó. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ wàyí, kí ẹ sùn ire.