Máàkì Tí Wọ́n Fún Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Mi

Ilé Bàbá Ajíbádé,
Ìyìn-Èkìtì.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Olúwabùsáyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìjọba, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé òkè tí ò ń gùn ní Òkè-Ìlá ní Adó, mo sì kí ọ kú ẹkún tí o sun sí mi létí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọlọ́run tó mú ọ dé sẹkitéríàtì kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ níbẹ̀. Ara wa le, iṣu ta dáadáa, orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ dúdú sì bí méjì. Inú mi nìkan ni kò dára. Lẹ́tà ni mo fi ń sọ ọ́ dípò fóònù, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìdílé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù sínú afẹ́fẹ́ kí àwọn tó ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa gbọ́ ọ. Tíṣà tó ń lọ sí Adó láràárọ̀ ni n ó fi rán sí ọ.

O ní pásítọ̀ yín kọ̀ láti dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún ìwọ àti Ọlálérè, torí pé ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jẹ́nótáìpù, ìwọ gba AS, Ọlálérè náà gba AS. Ta ló máàkì ìwé yẹn? Wo ara ògiri pálọ̀ mi, èsì wáẹ́kì rẹ wà nínú gíláàsì, ti Kọ́láwọlé àbúrò rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí S kankan níbẹ̀. Ká tilẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni méjì gba máàkì kan náà, ọ̀kan ò ga ju ọ̀kan lọ, kí ló wá kù? Bíbélì tí pásítọ̀ ń kà fún wa ní kí a má ṣe fi àìdọ́gba dàpọ̀. Àwọn wọ̀nyí dọ́gba, ó tún ní wọn ò gbọdọ̀ dàpọ̀. Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ.

Mo gbé èsì wáẹ́kì rẹ tòun ti gíláàsì há abíyá, mo gba ilé ìwòsàn ìlú wa lọ. Nọ́ọ̀sì Monínúọlá ni mo bá, ọmọ oníplánkì. Mo ṣàlàyé fún un pé ààwẹ̀ ìjọ ni o wà lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe ìdánwò yẹn fún ọ, kò sì sí ẹni tí ebi ń pa tó lè ṣe dáadáa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí o tún un ṣe, mo ti ṣe tán láti san owó rẹ̀, adìyẹ kan sì wà nílẹ̀ fún ẹni tí yóò máàkì rẹ̀. Ọmọ yìí fi fáìlì bo ẹnu. Ó ní kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kàwé sí, pé ohun tí bàbá àti ìyá bá fún ọmọ ni. Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́ pátápátá. Mo bi í pé níbo ló ti rí S nínú ìdílé Ajíbádé, ìdílé tí bàbá mi ti ń gun ọ̀pẹ lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ó ní tó bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀ kí n wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́jọ́bọ̀, àwọn ń bọ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ nípa rẹ̀, àwọn yóò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní n ó dé, n ó sì mú ìyá rẹ dání ṣe ẹlẹ́rìí. Èsì tèmi gan-an ni n ó gbé lé orí pẹpẹ fún pásítọ̀ yín. N ó dá lẹ́tà yìí dúró níbí títí yóò fi tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì.

A débẹ̀ ṣáájú àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, ó bi mí pé kíláàsì wo ni mo wà, mo kọ pírámárì síìsì, torí ibẹ̀ ni mo dé. Àwọn ọmọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ ẹni tó ṣán igbó tí wọ́n kọ́ iléèwé wọn sí. Nọ́ọ̀sì da ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa sórí tábìlì. Ó ní bí ẹ̀wà méjì ni ohun tí olúkúlùkù ní nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ó pe èmi àti ìyá rẹ jáde, ó fún kálukú wa ní funfun kan, pupa kan, ó ní AS nìyẹn. Ó ní kí a dijú kí a sì máa fún ọmọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ àkọ́kọ́ gba funfun méjì, ìkejì àti ìkẹta gba funfun àti pupa. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ṣe ìkẹrin, pupa bọ́ lọ́wọ́ mi, pupa bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Mo ní kí a tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì ní gbogbo oyún ló ń tún un ṣe, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí yóò bọ́.

Ó wá sọ ohun tí pupa méjì ń ṣe. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á máa wú kó tó mọ ìrìn, ojú á máa pọ́n bí epo tuntun, bí òtútù bá ti dé, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, á ké títí ohùn á fi há. Ó ní àìsàn yẹn ni wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyá rẹ fi dìde tó sì jáde. Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ Dùnmínínú ló ń sọ, ọmọ tí kò fojú rí rí. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wa, AS ni èmi, AS ni ìyá rẹ.

Inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí n ó bí i sí. Ọmọ ọdún méje ni o wà nígbà tí a sin ín. Ohun tí a sọ fún yín ni pé Fọláyẹmí àbúrò mi ló pa á, torí pé kò bímọ, àti torí pé Kérésì ló máa ń ti Adó wá kí wa, bó bá sì ti dé ni àìsàn ọmọ náà á dé. Ọyẹ́ ló ń mú lásìkò yẹn, Bùsáyọ̀. Òtútù ni. Èmi ni mo dìde láàrin ẹbí tí mo ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Èmi ni mo da uyán tó gún wá fún wa sílẹ̀ fún adìyẹ, tí mo ní ẹ̀yin ọmọ mi ò gbọdọ̀ gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún. Láti ìgbà tó ti padà wálé, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbé, mò ń gba iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjá lọ sóko, mi ò sì yíjú síbẹ̀.

Lánàá mo lọ. Mo jókòó sórí àpótí, mo sì ro ọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà fún un bí nọ́ọ̀sì ṣe rò ó. Mo fẹ́ kó bú mi. Kò bú mi. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí bí a ṣe ń sọ ọ́ kiri, òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òun lòun pa á lóòótọ́, bóyá ojú oorun lòun ti ṣe é tí òun ò mọ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í gbé ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ gidi ni Ọlálérè, inú ẹrẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ kí mi. Fi í sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé kí ẹ fi àdúrà tì í, sọ fún un pé bàbá rẹ gbé ọmọ lọ sí orí òkè àdúrà títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹkún tí ò ń sun yìí yóò tán. Èyí tí ìyá rẹ ń sun kò tíì tán. Bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ pásítọ̀, kí o sì sọ fún Kọ́láwọlé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò kó tó kọ ìwé ìfẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bi àwọn ọ̀gá yín ní sẹkitéríàtì léèrè bákan náà, kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ẹ̀wà yìí wá.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe fún mi. Páànù yàrá Fọláyẹmí ń jò, mo rí i. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọkọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tìrẹ mu, àwọn ọmọ rẹ ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ.

Bí o bá wálé ní ìparí oṣù, má kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Yà sílé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù yóò bà ọ́, torí èmi ni mo fi ẹ̀rù náà sí ọ nínú. Ohun tó bá bù fún ọ, jókòó, kí o jẹ ẹ́ tán níṣojú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ajíbádé.