Òkú Wo Ló Ń Tẹ̀wé?

Dóńà Nayra, ẹ kú iṣẹ́ rédíò, ohùn yín kò ní há. Ẹ má dárúkọ mi o.

Gbogbo ọdún Kánífà ni mo máa ń wọ́n bíà ìdúpẹ́, bí àṣà ìlú wa, sídìí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ̀wé ní Oruro, torí òun ló ń bọ́ mi.

Lánàá, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní àwọn kò ní máa tọ́jú irú rẹ̀ fáwọn tó rà á mọ́. Ọkọ ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín: “Màmá, bíà yín ló pa á! Ẹ ra tuntun.”

Mo ní, “Òkú wo ló ń tẹ̀wé?”

Inú ń bí mi! Ẹ̀yin olùgbọ́, ọdún mélòó ló yẹ kí wọ́n fi tọ́jú ohun tí wọ́n tà fún wa? Kánífà ń bọ̀, màá tún wọ́n bíà. Ẹni tó sọ pé ó ti kú kò gbọdọ̀ mu nínú bíà náà.