Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo pe rẹ́jísítà láàárọ̀ yìí. Tẹ́lẹ̀ ogójì ọmọ, báyìí ó dín kan. Nọ́ńbà ni mo máa ń pè, n kì í pe orúkọ — ó yá jù bẹ́ẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, "Présẹ́ǹtì." Mẹ́rìndínlógún, "Présẹ́ǹtì." Ó yẹ kí n fo èyí tó kàn. Ẹnu mi ò gbọ́, ó pè é: Mẹ́tàdínlógún.

Ẹnìkan dáhùn.

Jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. "Présẹ́ǹtì." Mo gbójú sókè. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní ta nìyẹn? Kò sẹ́ni tó mira. Mo jágbe mọ́ wọn pé a kì í fi òkú ṣeré, kí wọ́n gbọ́ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́wàá péré sẹ́yìn la sin ọmọ náà.

Ìṣẹ́gun, 14

Kò sẹ́ni tó dáhùn lónìí. Ìyẹn tún burú ju tàná lọ.

Mo yá ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Tíṣà Ìṣirò. Ìgbà kẹfà rèé. Ó ní, "Ìyá Rẹ́jísítà, ṣé ẹ̀ ń jẹ ṣọ́ọ̀kì ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Odindi páálí ṣọ́ọ̀kì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Dúrọ́ọ̀ yẹn ni n kò lè ṣí.

Ìyá Rẹ́jísítà. Torí pé tèmi ló mọ́ jù nílé ìwé yìí. Kò sí yíǹkì tó dà, kò síbi tí mo ti pa nǹkan rẹ́. Ọ̀gá Àgbà máa ń gbé e han àwọn tíṣà tuntun. Ìwé, ìwọ nìkan ni màá sọ bí mo ṣe ń ṣe é fún: láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo ti máa ń máàkì gbogbo ọ̀sẹ̀. Ogójì ọmọ, ọjọ́ márùn-ún, bíró kan, ìjókòó kan. Láti Ìṣẹ́gun lọ, mo kàn ń pe nọ́ńbà lásán ni. Ojú mi á wà lórí ìwé ìdánwò tí mò ń máàkì lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 15

Jẹ́ kí n kọ ọ́ tán. Bí n kò bá kọ ọ́, orí mi á dàrú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù yìí. Aago mọ́kànlá àárọ̀. Ìyá rẹ̀ wọ yàrá àwọn tíṣà — aránṣọ ni, téèpù tó fi ń wọn ènìyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ — ó ń mí gúlegúle. Ó ní ọmọ òun gbàgbé ike rẹ̀ sílé, ike búlúù tó máa ń fín sẹ́nu tí ikọ́ fée bá gbé e. Ṣé ó wà ní kíláàsì? N kò dìde. Kíláàsì ò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, n kò dìde. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo fi ìka tọ ìlà Mẹ́tàdínlógún dé Ọjọ́bọ̀, mo rí máàkì tí èmi fúnra mi ti fi síbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Màá fún un." Ó dúpẹ́, ó tún fẹ́ kúnlẹ̀, obìnrin tó jù mí lọ. Mo ju ike sínú dúrọ́ọ̀, mo padà sídìí ìwé ìdánwò. Mo gbàgbé. Ọlọ́run rí mi, mo gbàgbé pátápátá.

Ọmọ ò wá rárá. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà, lẹ́yìn pápá ìṣeré, níbi ilé tí wọn ò kọ́ parí yẹn. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti ká a mọ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n rí i, ó fẹ̀yìn ti ògiri, báàgì wà lórí itan rẹ̀. Dókítà ní kò tíì ju wákàtí méjì lọ tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀.

Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ nìyẹn. Ó ń gbọ́ aago wa. Aago ìsinmi. Aago ìparí. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sáré lọ sílé.

Nígbà tí mo lọ kí ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ó tún dáhùn.

Ẹtì, 17

Mo kórìíra déètì òní.

Àwọn aláyẹ̀wò wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Kí wọ́n tó dé, Ọ̀gá Àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní rẹ́jísítà yẹn ni ààbò gbogbo wa. Ọmọ wọlé láàárọ̀, ó yọ́ jáde láìgbàṣẹ, ọ̀rọ̀ tán. Mo ní ó dáa, sà. Ọ̀gá aláyẹ̀wò ṣí i lójúewé lójúewé, ó fi ìka tọ ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ó ní, "Ọwọ́ yín mọ́ o, mà. Ẹ kú iṣẹ́." Mo dúpẹ́. Mo gbé e padà sórí tábìlì mi.

Àìkú, 19

Mo tún lọ sọ́dọ̀ ìyá. N kò mọ ohun tó ń fà mí lọ síbẹ̀. Ó ń tẹ ẹ̀rọ, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ. Ó fún mi lómi. Ó wá ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìgbójú kúrò lórí aṣọ: òun lòun pa ọmọ òun. Òun ò tíì lè ṣí báàgì ọmọ náà wò. Ike yẹn ti pẹ́ nílé. Òun ò gbọ̀n ọ́n wò kóun tó gbé e wá. Bóyá ó ti tán nínú. Bóyá ọmọ tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, tí nǹkan kan ò jáde. Ó ní ohun tí kì í jẹ́ kóun sùn nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, mà." Mo mu omi rẹ̀ tán. Èmi aláìnítìjú.

Ajé, 20

N kò máàkì ọ̀sẹ̀ yìí sílẹ̀. Òní nìkan ni mo máàkì, ojú ni mo sì ń wò kí n tó fọwọ́ kan bíró. Mo wá rí i. Mo pe Mẹ́tàdínlógún, ètè tó mì, ti Méjìdínlógún ni. Ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ni.

Mo dá a dúró lẹ́yìn aago ìparí. Kò jiyàn. Ó ní, "Mà, èmi ni mo máa ń bá a dáhùn tó bá pẹ́. Òun náà máa ń bá mi dáhùn." Lọ́jọ́ yẹn náà, òun bá a dáhùn, òun rò pé ó kàn pẹ́ ni. Báyìí, bí òun bá dákẹ́, ńṣe ló ń ṣe òun bíi pé ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì, kò lè wọlé. Ẹkún wá gbọ̀n ọ́n. "Ká ní mo dákẹ́ ni, ẹ̀ bá ti mọ̀ pé kò wá. Èmi ni mo pa á, mà."

Ẹni kejì tó máa sọ gbólóhùn yẹn sí mi létí rèé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá!

Mo sọ fún un. Mo ní máàkì yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Mo ní ká tiẹ̀ ní o dákẹ́, n kò ní mọ̀, torí n kò gbójú sókè. Ó wò mí, ó wò mí. Ẹkún dá lójú rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn jáde, bí ẹni tó ń sá fún ajá.

Ìṣẹ́gun, 21

Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Ike wà níbẹ̀, eruku ṣọ́ọ̀kì ti bò ó. Mo fi etí ìró nù ún.

Mo sọ fún Ọ̀gá Àgbà. Ó ní ṣé orí mi pé, ṣé mo ti ro iṣẹ́ mi, ṣé mo ti ro àwọn ọmọ mi nílé. Mo ní mo ti rò ó, sà. Mo ti sọ fún ọkọ mi lálẹ́ àná, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́bọ̀, 23

Mo lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni, lójúmọmọ, aago mẹ́ta ọ̀sán, mi ò dúró kí ọkàn mi tún yí padà. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn àjákù aṣọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Máàkì. Dúrọ́ọ̀. Irọ́ tí mo pa. Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò yí i. Mo gbé ike búlúù sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ó mú un. Ó gbé e sétí, ó gbọ̀n ọ́n. Ó ṣí ìdérí, ó nà án síwájú, síbi tí kò sẹ́nìkan, ó tẹ̀ ẹ́. Ó fín jáde, funfun, ó sì pòórá.

Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Tíṣà, ẹ wò ó," ó ní. "Ó kún."