Kókó Tí Wọ́n Pè Ní Kòkó

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 1921.

Àkànjí, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ìyá rẹ, ìyá wa ẹlẹ́wé àgbo, mo sì kí gbogbo ilé yín ní Ọ̀yọ́. Mo lérò pé ara yín le, pé òjò ọdún yìí kò sì bá ògiri yín jà. Bí o bá ń bèèrè tèmi, ara mi kò lélẹ̀, inú ń bí mi, ìwọ gan-an sì wà lára ohun tí ń bí mi nínú. Jókòó kí o tó ka èyí. Tilẹ̀kùn. Má kà á sókè!

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Òjò ti pa á, ojú ìwé méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà ti òkè nìkan ni mo rí kà. O ní kí n máa da eérú sí i nídìí láràárọ̀, kí n sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí oòrùn má baà pa á. Àkànjí, mo ṣe é! Mo da eérú sí i, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, mo ń yasẹ̀ rìn kiri ibi iṣẹ́ fún odindi ọjọ́ méjì, mo sì ń súre fún ìyá rẹ. Ọjọ́ kẹta ni ìwé náà gbẹ tí mo ka ojú kejì, níbi tí o ti ní kí n ṣọ́ra fún ewúrẹ́, pé tó bá di ọdún mẹ́rin yóò so, gbogbo ìlú yóò sì wá wò ó. Háà! Mo tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dànù.

Ohun tí mo kọ sí ọ nìyí: "Koko kan hu ni oko mi. O n tobi. Eru n ba mi. Beere lowo iya re ohun ti n o fi si i. Ma so fun enikeni." N kò fi àmì kankan sí i, nítorí ojú ń tì mí, mo sì ń kánjú. Ìwọ wá rò pé ọ̀kan nínú èso kòkó tí o ti Ìbàdàn mú wá fún mi ní Àjíǹde ló hù. Eku ti jẹ àwọn yẹn tipẹ́! Kì í ṣe kòkó, kókó ni. Kì í sì í ṣe oko tí à ń fi ọkọ́ ro. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo kọ, bí a ti ń pè é nígbà tí a jọ ń wẹ̀ lódò láìwọ ṣòkòtò. Ṣé ó ti yé ọ báyìí, àbí kí n yà á sí ìwé?

Wàá fẹ́ mọ bó ṣe débẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà, ìjọ rán mi lọ sí téṣàn Ọ̀fà láti gba páánù ilé ìsìn tí à ń kọ́. Reluwé pẹ́, òjò dé mọ́ wa lọ́sàn-án gangan, àwọn lébìrà ní kí n wá bá àwọn mu ọtí. Obìnrin kan wà níbẹ̀. Ẹní rẹ̀ tutù, ó ń rùn, mo gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, mo sì tún dùbúlẹ̀ lé e. N kò bú obìnrin náà, kò fipá mú mi. Èmi ni mo ń bú, èmi tí mo ń kọrin lójú ìjọ, tí mo ti fún Adéjọkẹ́ ní Bíbélì àti òrùka. Tú! Ara mi kó mi nírìíra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo rí i. Ó pọ́n, ó le, orí rẹ̀ funfun bí ojú ẹja sísè. Mo ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, mo ń fi kànìnkànìn ha ara bí ẹni ń fọ ìkòkò tí ajá lá. Mo rò pé àtọ̀sí ni, mo tún rò pé èyí tí ń jẹ imú ènìyàn ni. Kì í ṣe ikú tèmi ló ń dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀. Adéjọkẹ́ ni. Ṣé kí n gbé ọmọ ọlọ́mọ níyàwó, kí n wá fi ẹ̀gbin kí i káàbọ̀ sílé?

Ìwọ ní tìrẹ, mo ní má sọ fún ẹnikẹ́ni, o gbé lẹ́tà mi lọ sílé Bàbá Adéjọkẹ́! Inú wọn dùn pé àna àwọn ti di olóko kòkó, wọ́n ní kí ni à ń dúró de Kérésì sí mọ́, kí a gbéyàwó ní ìparí oṣù yìí. O tilẹ̀ kọ ọ́ sí mi bí ìròyìn ayọ̀. Àkànjí, ẹnu rẹ kò ní ìdérí.

Ìgbà tí mo kà á dé ibẹ̀ ni mo gbé ìtìjú tà, mo lọ bá dókítà òyìnbó. Ta ni ògbufọ̀ rẹ̀? Ìyá Victoria, ìyàwó díákónì wa! "Josiah, kí ló ń ṣe ọ́?" Mo ní ẹsẹ̀ ni. "Ibo lára ẹsẹ̀?" Mo ní lókè. "Òkè ibo?" Mo ní lókè pátápátá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní, "Bọ́ ṣòkòtò, ọmọ mi, n kò wò ọ́." Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀yìn orí wọn. Dókítà fi abẹ́rẹ́ là á. N kò ní kọ ohun tó jáde, kí o lè rí oúnjẹ jẹ lónìí.

Irun ni, Àkànjí! Irun kan tó ká padà sínú awọ nítorí abẹ tí mo fi ń fá a. Dókítà ní kì í ṣe àrùn àgbèrè. Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ó ní n kò tíì bọ́, pé àrùn mìíràn a máa sá pamọ́ sára. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí n má sì sún mọ́ obìnrin kankan títí dìgbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Lọ bá Bàbá Adéjọkẹ́, sọ pé iṣẹ́ ilé ìsìn kò tíì tán, kí á padà sí Kérésì. Sọ pé ewúrẹ́ ti jẹ kòkó náà. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí Adéjọkẹ́ gbọ́ sí i.

Kí Olúwa pa ọ́ mọ́, kí ó má fi irú rẹ̀ kàn ọ́, kí ó sì bá wa fi ìjánu sí ọ lẹ́nu. Kí ìyá wa pẹ́ fún wa. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí inú ń bí sí ọ tí kò sì ní ẹlòmíràn,
Josiah

Àfikún: Má lọ bá Bàbá mọ́. Mo ń lẹ lẹ́tà yìí pa lọ́wọ́ ni wọ́n mú ìwé Adéjọkẹ́ dé. O kò sọ fún mi pé òun ni bàbá rẹ̀ ní kí ó ka lẹ́tà mi sókè lójú gbogbo yín! Adéjọkẹ́ ní ó ti yé òun kí òun tó kà á dé ìdajì, pé ẹni tí kòkó hù fún kì í kọ̀wé pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó kà á ní kòkó sí etí wọn kí n má baà tẹ́. Ìgbà tó parí, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó lọ bì. Ó ní òrùka ṣì wà nínú àpótí òun, òun kò tíì mọ ohun tí òun yóò fi ṣe. Ó ní kí n wá fi ẹnu ara mi ka lẹ́tà náà fún bàbá òun, bí mo ti kọ ọ́, lójú òun. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Ọwọ́ rẹ ni lẹ́tà náà wà. Mú un wá.