Gbogbo Oko Dáhùn Lẹ́ẹ̀kan Náà

Màmá mi ní Imasayi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Inú mi dùn gan-an ní Kánádà níbí.

Mo kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà, tó máa ń wo iye òjò tó rọ̀ sí oko, tó sì ń sọ bóyá ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ á ta dáadáa. Tí mo bá fún un ní oko kan, á dáhùn. Tí mo bá kó gbogbo oko Yewa fún un pọ̀, á kọ̀. Ọ̀gá mi ní bí kò bá ṣiṣẹ́, kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tètè pa fóònù tí ẹ bá pè mí.

Lánàá ni mo rí àṣìṣe rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ “bí òjò bá kéré”, iye òjò oko kan ṣoṣo ló lè wò lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un kọ, kó máa yẹ iye kọ̀ọ̀kan wò, kó sì to ìdáhùn wọn bí oko ṣe tò. Gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà!

“Fẹ́yìsetán, jókòó,” ni ọ̀gá mi wí. “O ò lọ síbì kankan mọ́.”

Mo jókòó.

Ẹ kí Bàbá. Ẹ bá mi wá ẹni tó ń bọ̀ níbí, kó mú ìbora yín kan wá. Òtútù kò mú mi o. Òórùn ilé ni mo fẹ́.

Ọmọ yín,
Fẹ́yìsetán