Ihò Tí Ojú Kò Rí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé ọ̀gá rẹ kò dà ọ́ láàmú? Àwa náà wà láàyè, bí a bá yọ ti òjò kúrò. O kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì jẹ.

Àwòrán rẹ dé orí fóònù mi, ẹ̀wù funfun lọ́rùn rẹ, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ, o gbé ìgò kékeré tí ìyẹ̀fun dúdú wà nínú rẹ̀ sókè. Mo fi etí aṣọ mi nu fóònù náà títí, mo rò pé èédú ọwọ́ mi ló kùn ún, àfìgbà tí bàbá rẹ ní kí n dáwọ́ dúró, pé èédú gidi ló wà nínú ìgò. Mo káwọ́ lérí. Èédú tí mo ń sun kí o tó dáyé, tí mo fi rán ọ lọ sílé ìwé kí o má bàa sun ún, òun náà lo tún lọ ń sun!

O wá ṣàlàyé lórí fóònù pé tiyín ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, pé inú ihò náà lẹ ń kó gáàsì kan pamọ́ sí, háídírójìn, tí mọ́tò yóò máa fi rìn láì rú èéfín. Mo gbà ọ́ gbọ́, ìyá kì í pe ọmọ rẹ̀ lópùrọ́. Mo ṣa èédú tó fúyẹ́ jù nínú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wú jáde lábẹ́ erùpẹ̀, mo kó o sápò, mo gbé e lọ bá ẹni tó ń ta gáàsì ní oríta pé kó rọ gáàsì sí i fún mi, torí sílíńdà ti ń dùn mí lọ́rùn. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ibẹ̀ la wà tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu àpò, àṣé iná inú rẹ̀ kò tíì kú tán. Gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló ṣáájú wọn. Ní báyìí, bó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á ní kí n dúró lódìkejì títì. Mo sọ fún un pé ọ̀mọ̀wé lọmọ mi. Ó ní ó hàn.

O tún ní bí a bá tẹ́ inú gbogbo ihò tó wà nínú èédú yín ṣíbí kan sílẹ̀, yóò gba gbogbo pápá bọ́ọ̀lù. Inú mi dùn, mo ní kí o fi ṣíbí kan ránṣẹ́ ká fi bo òrùlé wa tó ń jò, torí kò tó igun pápá. Bàbá rẹ bi mí pé ṣé mo gbọ́ ohun tí mo ń sọ, pé ihò là ń sá fún, èmi fẹ́ fi ihò bo ihò.

O sì sọ pé inú òtútù líle ni gáàsì yín ti ń jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ gbé e wá, òtútù wà níbí. A ti sún bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ kiri yàrá, kò sí igun tó gbẹ mọ́, ikọ́ sì ti wọ̀ ọ́ láyà. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, mi ò fi ṣeré. Ihò òrùlé náà tó orí ewúrẹ́. Nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn, abẹ́ rẹ̀ gan-an lo jókòó sí tí ò ń tẹ fóònù.

Jọ̀wọ́, fi owó páànù àti ìṣó ránṣẹ́ kí òjò ńlá tó dé. Bí owó kò bá sí, gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo ihò wálé, kí o wá fi wo tiwa.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú rẹ fọ́.

Èmi ìyá rẹ,
eléèédú bíi tìrẹ.