Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Aláboyún Wa Wò Kí Ọmọ Tó Dé

Ẹgbẹ́ Oníṣáwùrú àti Alákàn,
Ọjà Ọ̀rẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Omi àti Oúnjẹ Odò,
Òdígbó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

ÒJÉ INÚ ODÒ Ẹ̀YÌN ỌJÀ, ÀTI ÀWỌN TÓ TI JẸ Ẹ́

Èmi ni Hàlímọ̀ Mùsbáù, olórí àwọn obìnrin tó ń ta ìṣáwùrú àti akàn lọ́jà Ọ̀rẹ̀. Ojúmọ́ kan kì í mọ́ mọ́ kí àyà mi má já. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú ẹrẹ̀ ni ìṣáwùrú ń gbé. Bí mọ́tò bá kó o dé láti etí òkun Ìlàjẹ, a kì í tà á lójú ẹsẹ̀. Inú agbọ̀n la ń kó o sí, a ó so agbọ̀n mọ́ òpó nínú odò ẹ̀yìn ọjà, kí ó lè bi ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Bí ọjà bá dákẹ́, ó lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Oníbàárà tí eyín rẹ̀ bá kan yanrìn yóò bú wa tìyá-tìyá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn ìyá wa.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn kan kọ́ ilé iṣẹ́ sí òkè odò yẹn, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ ògbólógbòó. Omi ìdọ̀tí wọn gba ojú àgbàrá kan bọ́ sínú odò wa. Àwọn òṣìṣẹ́ yín wá lóṣù tó kọjá, wọ́n mú ìṣáwùrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n sì mú èyí tó ti pẹ́ nínú agbọ̀n, wọ́n kó wọn lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n sọ lójú gbogbo ọjà pé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n òjé ti kún inú èyí tó wà lódò. Àṣé ibi tí a ti ń fọ̀ ọ́ ló ti ń gba májèlé! Wọ́n ní kí a má lo odò náà mọ́, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. A kò tíì rí yín láti ìgbà náà.

Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Rọ́fíàt ọmọ mi wà nílé ọkọ ní Àjùé, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Oyún àkọ́kọ́ ni, ojú sì ti pọ́n wa kí ó tó dúró. Ìṣáwùrú nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń gbà. Èmi ni mò ń fi rán ọlọ́kadà sí i títí àwọn òṣìṣẹ́ yín fi kìlọ̀ fún wa, èyí tó sì pẹ́ jù nínú odò ni mò ń ṣà fún un, torí pé kò ní yanrìn rárá. Nọ́ọ̀sì kan tí mo lọ bi léèrè ní ilé ìwòsàn ní òjé a máa ti ara ìyá wọ ara ọmọ, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àwọn kan nínú wa ṣì ń so agbọ̀n sínú odò náà, torí omi mìíràn kò sí nítòsí. Mo bá wọn jà títí ohùn mi fi há. Olúfúnmilọ́lá, igbákejì mi, ní àdúrà ilé ìjọsìn àwọn ti wẹ odò náà mọ́. Mo ní kó lọ gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ sí ojú àgbàrá yẹn, bóyá yóò dí. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ ti ojú àgbàrá náà pa, kí ẹ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ọjà, kí ẹ sì rán àwọn tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò sí Rọ́fíàt àti gbogbo aláboyún tó ń rajà lọ́wọ́ wa.

Lánàá ni Rọ́fíàt pè mí, ó ní kí ló dé tí òun kò rí ìṣáwùrú mọ́. Mo ní mọ́tò kò dé. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ òótọ́. Ẹ dákun, ẹ wá kí ọmọ náà tó dé. Bó bá dé tán tí ara rẹ̀ kò pé, kí ni mo fẹ́ sọ pé mo fi ń kẹ́ ìyá rẹ̀?

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ tẹnu wa.

Èmi ni tiyín, tí ojú mi wà lọ́nà,

Hàlímọ̀ Mùsbáù (Ìyáàfin)
Olórí Ẹgbẹ́ Oníṣáwùrú àti Alákàn, Ọjà Ọ̀rẹ̀.